Ìdajì Káàdì Tó Kù sí Àbíjàn

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti Àbíjàn dé. Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi kú àbọ̀ nígbà náà, ẹ ó rántí pé ẹ̀rín ni mo kàn ń rín, n kò rojọ́ kankan fún yín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ìrìn-àjò yẹn ni kò tíì parí. Ìdajì rẹ̀ ṣì wà lọ́nà, n kò sì fẹ́ sọ ìtàn tí èmi fúnra mi kò mọ ìparí rẹ̀. Ní báyìí tó ti parí, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi pé káàdì onípépà ti kú, pé wọ́n ti sin ín, pé wọ́n ti ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Àṣàkẹ́ ni mo ń jẹ́, dòdò ni mo ń ṣe ní Ìkirè. N kò wí dòdò tí ẹ ń jẹ pẹ̀lú ìrẹsì o. Dòdò Ìkirè ni mo wí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà, tí a gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí a dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú, tí a wá dì sínú ewé. Ìyá mi ṣe é, ìyá ìyá mi náà ṣe é. Arìnrìn-àjò tó bá gba Ìkirè kọjá tí kò rà á, ó dá mi lójú pé oorun ló ń sùn nínú mọ́tò.

Ohun tí mo bá lọ

Orí Mọ́rọ́láyọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin tó ti dolóògbé ni, ọwọ́ mi ló ti dàgbà. Ó jáde ní póli, ó wá iṣẹ́ títí, kò rí. Ó padà wá sí ìdí ààrò mi, ó ń bá mi dín dòdò. Ẹ má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé etí títì Ìkirè ti kún. Ibi tí ẹnì kan bá ti ń tà, ibẹ̀ ni yóò ti máa tà títí yóò fi fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, àyè tèmi kò sì gba ju ẹnì kan lọ. Bí mo bá ti rí i tó jókòó sẹ́yìn mi, bí ẹni tó ń dúró dè mí kí n kú kó tó lè rí ìjókòó, ọkàn mi a máa bàjẹ́.

Àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀ láti Àbíjàn ló sọ fún mi pé àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, pé oúnjẹ ilé ń wù wọ́n jẹ, pé kò sì sí ẹni tó ń ṣe dòdò Ìkirè fún wọn. Wọ́n ní ọjà kan wà ní Àjàmé tó dára fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbé àtẹ kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àfi tí àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Mo ní ó yá, mo ń lọ. Àyè àtẹ kan fún ọmọ mi, kó lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀: ohun tí mo bá lọ nìyẹn, kò sí òmíràn.

Kí n tó lọ, mo gba Àpòmù lọ sọ́dọ̀ Délé atẹ̀wé, mo ní kó bá mi ṣe káàdì. Délé mọ iṣẹ́. Ó fi àwòrán ọwọ́ mi tó ń di dòdò sínú ewé sí apá òsì, ó kọ “Àṣàkẹ́ Onídòdò, Ìkirè” sábẹ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún ló kọ nọ́ńbà fóònù mi sí. Pépà náà nípọn, ó ń dán, bí ẹ bá fi ìka ta á, yóò dún. Mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀, Mọ́rọ́láyọ̀ wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, ta ló tún ń pín káàdì láyé òde òní?”

“Èmi ni.”

“Inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Ẹ wò ó.” Ó gba fóònù mi, ó ṣe àwòrán onígun mẹ́rin kan sínú rẹ̀, tó dúdú, tó funfun, bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. “Kí wọ́n kàn gbé fóònù tiwọn sí i, orúkọ yín, nọ́ńbà yín, àwòrán dòdò, gbogbo ẹ̀ ló máa jáde.”

“Bí orúkọ mi bá wà nínú ìyẹn, báwo ni èèyàn ṣe máa fọwọ́ kàn án?”

“Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan orúkọ, Àǹtí.”

A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Mo gbé fóònù, mo gbé káàdì, mo sì gbé dòdò tí a dì dáadáa, mo bọ́ sọ́nà.

Etí òkun

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnubodè àti ìwé ìrìnnà yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó ti rìn ín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín rí kò pàdánù nǹkan kan. Ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni pé òkun ń bá wa rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì, àgbọn tò lọ rẹrẹ, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń fi iyọ̀ sí mi lẹ́nu. Ní Kútọnu, ìyá ọlọ́sàn kan kí mi ní Yorùbá tó dùn, mo rò pé mo ṣì wà ní Ifẹ̀, àfìgbà tó dárúkọ owó ní Faransé tí etí mi di pátápátá. Ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n fún wa ní kẹ́ńkẹ́. Mo tọ́ ọ wò, mo ní ẹ̀kọ tó ń bínú nìyí. Ṣùgbọ́n ata tí wọ́n fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀tù sí i nínú, mo jẹ ẹ́ tán, mo tún béèrè.

Ọmọkùnrin kan jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ta ohun èlò fóònù. Mo fún un ní káàdì, nítorí mo ti pinnu pé n kò ní jókòó ti ẹnikẹ́ni láìjẹ́ kó mọ̀ mí. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Mummy, who still dey use card?”

Mo ní ìbéèrè tí ọmọ mi bi mí nílé náà nìyẹn, kó lọ wá òmíràn. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ooru mú, mo rí i tó ń fi káàdì mi fẹ́ ara rẹ̀. Ó fẹ́ra títí a fi dé Àkírá, kò sì gbàgbé láti dúpẹ́.

Ànàgó

Nígbà tí a wọ Àbíjàn, mo kọ́kọ́ rò pé omi ti gba àárín ìlú. Ọ̀sà ni. Ó wà láàárín ìlú náà, àwọn ilé gíga dúró létí rẹ̀ tí wọ́n ń wo òjìji ara wọn. Mo ti gbọ́ pé ìlú náà dára, ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Mo dúró, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ oko.

Múfú, ẹni tí àwọn ará Èjìgbò ní kó gbà mí lálejò, ló wá pàdé mi. Àwọn òbí rẹ̀ ti Èjìgbò wá, Àbíjàn ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dára, àfi pé ó máa ń fi “vualà” àwọn Faransé parí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ lù ú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ilé ti ṣí sílẹ̀ fún yín. Vualà.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé àtiẹ́kẹ́ wá. Gbágùúdá ni wọ́n fi ń ṣe é, ó dà bíi gàrí tó ti lọ gba ẹ̀kọ́ wá: ó rọ̀, kò lẹ̀, kò sì fẹ́ omi tútù. Wọ́n fi ẹja díndín, àlùbọ́sà àti tòmátì sí i. Àlókò náà wà níbẹ̀, ìyẹn dòdò tiwọn. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ojú ẹni tó ń wo orogún rẹ̀. Ó dára, mo jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n kò ní ata nínú, mo sì mọ̀ pé mo ní ohun tí mo lè bá wọn sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé mo lẹ́nu, ẹ ò bá wá wò mí ní Àbíjàn. Ẹnu mi tó mú ní Ìkirè di ẹnu ọmọ ọwọ́. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ lójà, wọ́n á ní “Ànàgó!” wọ́n á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe èébú. Orúkọ tí wọ́n ń pe ará wa níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí orúkọ kan ṣoṣo bo gbogbo yín mọ́lẹ̀, kí wọ́n má mọ ọmọ ta ni ọ́, kí wọ́n má mọ ohun tí o lè ṣe, ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo wá mọ̀ pé wọn kì í fi ojú rí i dáadáa náà.

Kí a tó lọ sọ́dọ̀ olórí àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀, mo ní kí Múfú mú mi yí ìlú ká, bóyá ọ̀nà míràn wà. A lọ sí ọ́fíìsì ọkùnrin kan tó ń kó oúnjẹ wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ó fi ìka méjì gba káàdì mi. Bí Múfú ṣe ń ṣàlàyé dòdò fún un, ó ń mi orí, ó sì ń fi igun káàdì náà ta eyín. Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi, n kò mọ èyí tí ǹ bá fi ṣáájú. Lọ́jọ́ kan náà, ọmọbìnrin kan tó ń ta àkàrà òyìnbó rí àwòrán onígun mẹ́rin inú fóònù mi, ó gbé tirẹ̀ sí i, ó ní ó dára gan-an. Òtítọ́ ni, ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Títí di òní, ó ń fi òdòdó kí mi láràárọ̀ lórí Wọ́sáàpù. Kò tíì ra dòdò kan.

Omi lákọ̀ọ́kọ́

Olórí àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ náà ń jẹ́ Màmá Akísì. Arúgbó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì ríran ju ti ọmọdé lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ajúà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì na káàdì mi sí wọn lójú ẹsẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọlọ́jà tí kò bá polówó ara rẹ̀, ta ni yóò bá a polówó?

Màmá Akísì kò gba káàdì náà. Ó ń wò mí, ọwọ́ mi sì wà lókè bí ọwọ́ ẹni tó ń dá mọ́tò dúró.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú un sílẹ̀ ná,” Múfú wí jẹ́jẹ́. “Omi ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn omi, wọ́n á béèrè ìròyìn. Ẹ má tíì tajà.”

Ajúà gbé omi wá. Mo mu ún. Lẹ́yìn náà ni Màmá Akísì béèrè ìròyìn, kí ni ó gbé mi dé. Múfú ní kí n kọ́kọ́ dáhùn pé àlàáfíà ni, kí n tó wá tú ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti ìyá mi, mo sọ ti Mọ́rọ́láyọ̀, mo sọ ti etí títì Ìkirè tó ti kún. Kò sí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo fẹ́ràn àṣà náà, kí n sòótọ́. Nílé wa, kí àlejò tó jókòó, a ti ń béèrè ohun tó mú wá.

Mo tú dòdò nínú ewé. Màmá Akísì jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Wọ́n ní ata yín yìí ti jagun rí,” Múfú túmọ̀.

Ó mú òmíràn, ó dì í padà sínú ewé, ó fi í sínú àpò rẹ̀. Inú mi dùn. Ìgbà yẹn ló wá nawọ́ béèrè káàdì mi. Ó wo àwòrán ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo àwòrán. Ó gbé e lé orí itan rẹ̀.

“Wọ́n ní bí èèyàn bá dé ìlú yín, tó dárúkọ tó wà lórí pépà yìí, ta ni yóò jẹ́ ẹ?”

“Gbogbo ìlú!” mo ní. “Sọ fún wọn pé gbogbo Ìkirè ni yóò jẹ́ ẹ. Títí dé Àpòmù!”

Ajúà rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ Yorùbá ọjà díẹ̀, ó ti mọ ohun tí mo sọ kí Múfú tó túmọ̀.

Ìdajì ọ̀nà

Múfú ti kọ́ mi pé níbẹ̀, àlejò kì í dìde lọ láìtọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Ohun tí kò kọ́ mi ni èsì tí onílé máa ń fọ̀. Mo tọrọ ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Màmá Akísì mi orí, ó ní àwọn fún mi ní ìdajì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kò gba ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n fún mi rí. Ì báà jẹ́ ata, ì báà jẹ́ epo, mo gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi èènì sí i. Kí ọpọlọ mi tó jí, ẹnu mi ti ń ná an.

“Ìdajì kẹ̀? Ah, màmá, ẹ má ṣe mí báyìí. Ọ̀nà mi jìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní gbogbo ẹ̀!”

Ẹnu Múfú náà yá. Ó ti túmọ̀ rẹ̀ tán kó tó fọwọ́ bo ẹnu.

Ajúà sọ ojú kalẹ̀. Màmá Akísì mú káàdì mi lórí itan rẹ̀, ó sì nà án padà sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” Múfú wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, “wọ́n ní ìdajì ni àwọn ń fún àlejò, kí ìdajì tó kù lè fà á padà wá. Ẹni tó bá gba gbogbo ọ̀nà, kò ní padà mọ́ nìyẹn. Wọ́n ní bí ẹ bá fẹ́ gbogbo ẹ̀, kò burú, kí ẹ máa mú orúkọ yín lọ.”

Mo rí Mọ́rọ́láyọ̀ lójú ọkàn mi, níbi tó jókòó sí lẹ́yìn mi. Èmi tí mo ti ibi tó jìn bẹ́ẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ fún àyè, èmi náà ni mo tún fi ẹnu ara mi sọ pé n kò ní padà wá mọ́. Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo gba káàdì náà lọ́wọ́ Màmá Akísì, mo dì í mú lápá òsì àti lápá ọ̀tún, mo fà á ya láàárín. Múfú kígbe. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ya orúkọ rẹ̀, ìbéèrè tí a óò bi í ni pé ṣé orí rẹ̀ pé. Mo fi ìdajì tí àwòrán àti orúkọ mi wà lára rẹ̀ lé Màmá Akísì lọ́wọ́. Mo so ìdajì kejì mọ́ etí ìró mi, bí ìyá mi ṣe máa ń so ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù.

“Múfú, wí fún wọn pé mo gba ìdajì ọ̀nà. Orúkọ mi ni mo fi sílẹ̀ yìí. Bó pẹ́, bó yá, ó di dandan kí méjèèjì tún fojú kan ara wọn.”

Ó túmọ̀ rẹ̀. Màmá Akísì wo pépà tó ya náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín arúgbó tí eyín ti ṣẹ́ kù díẹ̀, ó sì fi ìdajì káàdì mi sínú gèlè rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ àyè ńkọ́. Ó ní àwọn yóò rí i.

A ti rìn jìnnà díẹ̀ kí Múfú tó dúró lójijì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ńbà fóònù yín dà?”

“Ó wà lórí káàdì.”

“Ìdajì wo?”

Mo tú etí ìró mi. Gbogbo nọ́ńbà mi ló wà níbẹ̀, wọ́n tò, wọ́n ń wò mí. Múfú jókòó sí ẹ̀bá títì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Vualà.

Nílé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo padà sí Ìkirè, mo jẹ ẹ̀kọ tí kò bínú, mo sì gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu àwọn tó mọ̀ mí. Mo sọ fún Mọ́rọ́láyọ̀ bó ṣe lọ. Mo retí pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí káàdì. Kò ṣe é. Ó ní, “Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ ti gbìyànjú.” Ó padà lọ jókòó sẹ́yìn mi. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi.

Mo bẹ Múfú lórí fóònù kó mú nọ́ńbà mi lọ fún Màmá Akísì. Ó lọ, ó sì pè mí padà.

“Wọn ò gbà á. Wọ́n ní, ‘Ṣebí ó ní gbogbo ìlú òun ló mọ òun. Ẹni tí ìlú rẹ̀ mọ̀, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe?’”

Láti ìgbà náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò lọ. Àwọn aládùúgbò ń béèrè, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìdajì káàdì mi wà nínú agolo tíì lórí pẹpẹ, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù.

Àlejò láti Àpòmù

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń dín dòdò lọ́wọ́, ọ̀kadà dúró níwájú mi. Délé atẹ̀wé ló sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, ó gbé báàgì, eruku bò ó. Ajúà ni.

Síbí bọ́ lọ́wọ́ mi sínú epo.

Délé ló rojọ́. Bọ́ọ̀sì àwọn ará Èjìgbò ló gbé e wá. Awakọ̀ gbàgbé, ó gbé e kọjá Ìkirè, Àpòmù ló já a sílẹ̀ sí. Ajúà kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn yọ ìdajì káàdì, ó ń nà án sí àwọn tó wà létí títì. Òógùn inú gèlè ti pa ìyókù rẹ́, “Àṣàkẹ́” nìkan ló ṣeé kà, ni ọlọ́kadà kan bá fẹ́ gbé e lọ sí Gbọ̀ngán, ó ní òun mọ Àṣàkẹ́ kan níbẹ̀ tó ń ta aṣọ. Obìnrin onígbàdo sísun tí kò mọ̀wé kà ló já pépà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó ní, ‘Ọwọ́ ta ni ẹ ń pè ní ọwọ́ aláṣọ? Ẹ wo bó ṣe ṣẹ́ etí ewé yẹn! Ọwọ́ Ìyá Onídòdò nìyí!’” Délé ń rẹ́rìn-ín. “Ni wọ́n bá tú yáyá mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ní tèmi, mo ní pépà mi rèé, ta ló fà á ya?”

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Ṣé Màmá Akísì wà? Ṣé ó ti gbà? Àyè ńkọ́? Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo fún Ajúà ní ìjókòó, mo bu omi tútù fún un, mo sì jókòó níwájú rẹ̀, mo dákẹ́. Mọ́rọ́láyọ̀ ń wò mí, kò rí mi bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nígbà tí Ajúà mu omi tán, mo wá bi í.

“Kí ni ìròyìn?”

Mo rí i tí ojú rẹ̀ tàn.

“Àlàáfíà ni,” ó ní. Yorùbá ọjà kò mọ “ẹ”, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ara Mọ́rọ́láyọ̀ ń bù máṣọ. “Màmá mi ní ẹnu rẹ gùn. Ó ní, lọ wo ìlú rẹ̀. Bí ìlú mọ̀ ọ́n, àyè wà. Bí ìlú kò mọ̀ ọ́n, padà.” Ó na ọwọ́ sí ojú títì, níbi tí onígbàdo àti ọlọ́kadà méjì ti tẹ̀ lé wọn wá láti Àpòmù wá wo ìparí ọ̀rọ̀. “Wọ́n mọ̀ ẹ́. Àyè wà.”

Mo gbé agolo tíì sọ̀ kalẹ̀. A tẹ́ ìdajì méjèèjì sórí àtẹ. Tirẹ̀ ti pọ́n, ó ti rọ̀ nínú gèlè arúgbó. Tèmi ṣì ń dán. Ibi tó ti ya bá ara mu. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, n kò sì tijú.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún bi mí bóyá káàdì ṣì wúlò, èsì mi rèé. Mo rí ẹni tó fi fẹ́ra, mo rí ẹni tó fi ta eyín, wọn kò jẹ̀bi. Pépà ni wọ́n rí, wọn kò rí ìlú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù yára, n kò bá a jà, gbogbo wa la ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè fa fóònù ya sí méjì kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ ṣe ìlérí, onígbàdo Àpòmù kò sì lè mọ ọwọ́ mi nínú àwòrán tí kòkòrò jẹ. Ẹ tẹ káàdì yín. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹni tó bá mú un dé ìlú yín yóò rí ẹni tí yóò jẹ́ ẹ.

Ajúà gbé lọ́dọ̀ wa títí ó fi mọ bí a ṣe ń gún un àti bí a ṣe ń dì í. Ata náà kò tíì mọ́ ọn lára. Mọ́rọ́láyọ̀ náà gba Àpòmù lọ, kò sọ fún mi, ó sì gbé káàdì tirẹ̀ dé, èyí tó nípọn tó ń dán. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti ní kí Délé kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí apá òsì, kó sì tún kọ wọ́n sí apá ọ̀tún.

Ní àárọ̀ tí àwọn méjèèjì ń lọ sí Àbíjàn, ẹrù ti wà nínú bọ́ọ̀sì, Ajúà ti wọlé. Mọ́rọ́láyọ̀ padà wá, ó kúnlẹ̀ síwájú mi lórí eruku etí títì.

“Àǹtí, mo tọrọ ọ̀nà.”

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọmọ tí mo tọ́ láti kékeré, gbogbo ohun tí mo ní ni mo ti fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo súre fún un títí awakọ̀ fi fun fèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀nà, ìdajì ni mo fún un.